Yíyan Sọ́fítíwia Ẹ́dítìn fún Ẹni tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Iṣẹ́ Fídíò

Ó ṣọ̀wọ́n lóde òní kí ayẹyẹ kan wáyé ní Òkè-Ògùn, ìbáà jẹ́ ìgbéyàwó, ìwúyè, ìsìnkú àgbà tàbí ọdún ìbílẹ̀, kí a má rí ẹni tí ó gbé kámẹ́rà lé èjìká tàbí tí ó na fóònù sókè láti ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwòrán yíyà kọ́ ni ìṣòro mọ́. Fóònù tí ó wà ní àpò akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òfíkì ń ya àwòrán tí ó mọ́ ju èyí tí kámẹ́rà ńlá tẹlifíṣọ̀n lè yà ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ayẹyẹ ni ọ̀rọ̀ ti ń le, nígbà tí wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún àwòrán bá wà nílẹ̀, tí ó sì yẹ kí ó di ogójì ìṣẹ́jú tí ènìyàn lè jókòó wò láìsùn. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní ẹ́dítìn. Sọ́fítíwia ni irinṣẹ́ rẹ̀, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ náà jẹun sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: èwo ni ó dára jù?

Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bí ó ti wà yẹn, kò ní ìdáhùn. Àgbẹ̀ Òfíkì kì í wọ ọjà lọ béèrè ọkọ́ tí ó dára jù. Yóò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ebè iṣu ni òun fẹ́ kọ tàbí oko àgbàdo ni òun fẹ́ ro, yóò mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà le tàbí ó rọ̀, yóò sì mọ iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí yóò yan sọ́fítíwia ní láti mọ̀: irú kọ̀ǹpútà tí ó ní, bí iná mànàmáná ti rí ní àdúgbò rẹ̀, iye owó tí ó lè máa san láìjẹ gbèsè, àti irú iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́. Òfíkì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, èyí tí wọ́n fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Àgó-Àrẹ, Tedé, Ìrawọ̀, Ṣabẹ, Baasì àti Òfíkì fúnra rẹ̀ sọ lórúkọ; ọ̀nà sì jìn láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn. Ohun tí ẹni tí ń gbé ní Ìkẹjà lè kà sí ohun kékeré, bíi kí ó gba fáìlì ńlá kan wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, lè gba ẹni tí ó wà ní Òfíkì ní odindi òru kan, kí dátà sì tún tán sí i lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí ọ̀rọ̀ tó kan irinṣẹ́, ó yẹ kí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ yé ni. Ní Ìsẹ́yìn, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ aṣọ òkè, ahunṣọ kì í hun odindi agbádá lórí òfì. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni ó ń ti orí òfì jáde. Lẹ́yìn èyí ni ẹlòmíràn yóò gé e, tí yóò gbé ọ̀kan ti èkejì kí ọnà wọn bá ara mu, tí yóò sì rán wọn pọ̀ di ohun tí ènìyàn lè wọ̀. Àwòrán tí kámẹ́rà yà ni aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí. Ẹdítọ̀ ni ó ń gé wọn tí ó sì ń rán wọn.

Ní Ìbàdàn, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Ọktóbà, 1959, abẹ ni wọ́n fi ń gé fíìmù ní ti gidi, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Adébáyọ̀ Fálétí, tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí akéwì àti òǹkọ̀wé, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ gígé fíìmù àti títọ́jú fíìmù ní ilé-iṣẹ́ náà. Ó dùn mọ́ni pé ẹni tí ó mọ ibi tí gbólóhùn ewì yẹ kí ó ti dánu dúró ni wọ́n fi sí ìdí iṣẹ́ gígé àwòrán. Nígbà tí Hubert Ògúndé ṣe Aiyé ní 1979 àti Jáíyésinmi ní 1980, fíìmù ni ó ṣì wà lóde, òkè òkun sì ni àwọn onífíìmù Nàìjíríà ti ń fọ fíìmù aláwọ̀ mèremère wọn. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé. Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: wọn á fi ọ̀kan máa ṣí i, wọn á fi èkejì máa gbà á sílẹ̀. Bí ẹ̀dà bá ti ń ti ara ẹ̀dà wá ni àwòrán ń ṣú sí i. Èyí tí ó tún burú jù ni pé bí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ bá rántí ní ìparí pé òun gbàgbé ìran kan ní àárín, àfi kí ó padà tún gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e ṣe.

Kọ̀ǹpútà ni ó mú ìyà yẹn kúrò. Ilé-iṣẹ́ CBS àti Memorex ní Amẹ́ríkà ti gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní CMX 600 jáde ní 1971, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ tálákà lè gbọ́ kí ó má sá. Avid dé ní 1989, Premiere ti ilé-iṣẹ́ Adobe dé ní 1991. Túndé Kèlání, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ kámẹ́rà ní tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn kí ó tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ṣe Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993 ó sì ṣe Ṣaworoidẹ ní 1999. Fálétí kan náà ni ó ṣe Ọ̀pálábá nínú Ṣaworoidẹ. Irinṣẹ́ ti yí padà láàárín ìgbésí ayé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ kò yí padà: ibi tí ó yẹ kí wọ́n gé, ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e, àti ìgbà tí ó yẹ kí ìlù wọlé.

Gbogbo sọ́fítíwia ẹ́dítìn, àti olówó gọbọi àti ọ̀fẹ́, ni ó jọ ara wọn ju bí àwọn tí ń tà wọ́n ti ń sọ lọ. Ibi kan wà tí àwòrán tí a kó wọlé ń jókòó sí. Ibi kan wà tí a ti ń wò wọ́n. Ìlà gígùn kan sì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní táìmùláìnì, níbi tí wọ́n ń to àwòrán àti ohùn sí ní ìpele ìpele. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń gé, bí wọ́n ti ń gbé ohùn ìran kan sábẹ́ àwòrán ìran mìíràn, bí wọ́n ti ń mú kí àwọ̀ ara ènìyàn dọ́gba láti ìran dé ìran, àti bí wọ́n ti ń yọ iṣẹ́ jáde nínú ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni yóò fi mọ èkejì. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa bẹ̀rù pé bí òun bá ṣi yàn lónìí, ayé òun ti bàjẹ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù, tí àwọn tí ń kọ́ni kì í sì í tẹnu mọ́ tó. Fáìlì iṣẹ́ tí sọ́fítíwia ń tọ́jú kò ní àwòrán kankan nínú. Ìwé àkọsílẹ̀ ni: ó kàn ń sọ pé kí a mú ìṣẹ́jú kẹta sí ìkẹrin nínú fáìlì báyìí, kí a fi í sí ẹ̀yìn fáìlì báyìí. Àwòrán gan-an ṣì wà níbi tí wọ́n kó o sí. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ èyí yóò gé fídíò ìsìnkú bàbá àgbà kan tán, yóò rí i pé iṣẹ́ náà ń ṣí dáadáa, yóò wá fi ọkàn balẹ̀ nu mẹ́mọ́rì káàdì láti lọ lò ó ní òde ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ Ajé, pátákó pupa ni yóò bá ní gbogbo ibi tí àwòrán wà tẹ́lẹ̀. Kò sí sọ́fítíwia tí ó lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹbí tí yóò tún òkú sin nítorí kámẹ́rà. Ẹni tí kò bá tí ì ní háàdì dísíìkì méjì tí yóò máa kó àwòrán sí kò tí ì ní ìdí tí yóò fi máa wá sọ́fítíwia olówó ńlá.

Àwọn orúkọ tí ń lọ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ kò pọ̀. Avid Media Composer ni ó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe fíìmù ńlá. Lórí Avid ni wọ́n ti gé The English Patient, fíìmù tí ó jáde ní 1996, èyí tí í ṣe fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n gé lórí kọ̀ǹpútà tí ó gba ẹ̀bùn Oscar fún iṣẹ́ ẹ́dítìn. Final Cut Pro ti Apple jáde ní 1999, kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn yàtọ̀ sí Mac. Ẹni tí kò bá ní Mac lè gbàgbé rẹ̀ kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Premiere ti Adobe ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe fídíò ayẹyẹ àti ìpolówó ọjà ní Nàìjíríà. DaVinci Resolve ni àbíkẹ́yìn láàárín wọn ní ti ẹ́dítìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ti pẹ́ ní ti títún àwọ̀ fíìmù ṣe. Ilé-iṣẹ́ Blackmagic Design ti Ọsirélíà rà á ní 2009, wọ́n sì mú ẹ̀dà ọ̀fẹ́ jáde ní 2011.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ jù. Láti ọdún 2013 ni Adobe ti pa títa ìdì tì, tí ó sọ Premiere di ohun tí ènìyàn ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ní ọjọ́ tí owó kò bá wọlé, sọ́fítíwia náà kò ní ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ń gba owó ní náírà tí ó sì ń san owó ní dọ́là ní láti ronú jinlẹ̀ lórí irú ètò bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi owó oṣù kan sí dọ́là 20 kí ìṣirò lè rọrùn, ẹgbẹ̀rún náírà mẹ́sàn-án lé díẹ̀ ni yóò jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bí náírà 460 lọ́dọ̀ ìjọba. Ní oṣù Júùnù ọdún náà ni wọ́n tú owó náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di 2024, dọ́là kan ti kọjá náírà 1,500. Dọ́là 20 yẹn kan náà ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà, láìjẹ́ pé Adobe fi kọ́bọ̀ kan kún un. Owó tí àwọn ará Òfíkì ń san fún fídíò ìgbéyàwó kò fò sókè bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Adobe ń dín owó kù fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò jáde ilé-ẹ̀kọ́.

Ti Final Cut yàtọ̀: láti 2011 ni wọ́n ti ń tà á ní dọ́là 299.99 ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀dà kíkún ti Resolve náà kò ju nǹkan bí dọ́là 300 lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni. Èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ kò fi àmì kankan sí ara àwòrán, kò sì ní ọjọ́ tí yóò dópin. Ó lè yọ iṣẹ́ jáde títí dé ìwọ̀n Ultra HD, èyí tí ó ju ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn yóò béèrè fún lọ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ yóò dáhùn pé àwọn kò san kọ́bọ̀ fún Premiere rí, pé ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni ó fi ẹ̀dà tí wọ́n já ìdè rẹ̀ sí i fún àwọn. Òfin kò fara mọ́ ọn, èyí hàn sí gbogbo ènìyàn. Ohun tí kò hàn tó bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tí ó já ìdè náà kì í ṣe aláàánú. Láti lè lo irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní kí ènìyàn pa ohun tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Láàárín kòkòrò tí ń gba ọ̀nà yẹn wọlé ni irú èyí tí ń ti gbogbo fáìlì pa tí yóò sì máa béèrè owó ìtúsílẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ fáìlì orin ni ó bá a lọ, ó ṣeé fara dà. Bí ó bá jẹ́ ohùn ìyá arúgbó kan tí ó ń ki oríkì ilé wọn ní oṣù mẹ́fà kí ó tó kú ńkọ́? Ní ìgbà tí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tí ó bófin mu ti wà nílẹ̀, kò sí àwáwí tí ó ṣì dúró fún èyí tí wọ́n jí.

Ẹ̀rọ ni ó kàn. Àwọn tí ó ṣe Resolve dámọ̀ràn gígábáìtì 16 RAM ó kéré tán, àti káàdì àwòrán tí ó dá dúró. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà, gígábáìtì 4 tàbí 8 ni ó máa ń ní, káàdì àwòrán rẹ̀ kò sì dá dúró. Yóò ṣí Resolve, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lò ó yóò máa tẹ nǹkan lónìí kí ó tó ṣẹlẹ̀ lọ́la. Fún irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀, Shotcut àti Kdenlive ni ó yẹ. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì pátápátá, àwọn tí ń kọ wọ́n sì fi bí wọ́n ṣe kọ wọ́n sílẹ̀ ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò. Kdenlive ti wà láti 2002. Fáìlì tí ènìyàn yóò gbà wọlé láti fi Shotcut sí kọ̀ǹpútà kéré púpọ̀ sí ti Resolve, tí ó ju gígábáìtì 2 lọ. Lójú ẹni tí ó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, èyí nìkan tó ìdí láti yan ọ̀kan kí ó sì fi èkejì sílẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí ó sọ láptọ́ọ̀pù aláìlágbára di ẹni tí ń bá wọn ṣiṣẹ́. Fídíò tí fóònù ń yà ni wọ́n fún pọ̀ gidigidi kí ó má bàa gba àyè, nítorí náà kọ̀ǹpútà ní láti máa tú u ní gbogbo ìgbà tí ẹdítọ̀ bá ń wò ó. Sọ́fítíwia lè ṣe ẹ̀dà kékeré tí ó fúyẹ́ fún fídíò kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pírọ́sì. Ẹ̀dà kékeré yìí ni ènìyàn yóò fi ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Nígbà tí ó bá di àkókò yíyọ jáde, sọ́fítíwia yóò padà lọ mú ojúlówó. Premiere, Resolve, Kdenlive àti Shotcut ni ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìṣirò kan kò ní ṣàìwúlò níbí. Kámẹ́rà tí ń kọ megabíìtì 50 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò kún gígábáìtì 22.5 ní wákàtí kan. Òde ìnáwó wákàtí márùn-ún ti lé ní gígábáìtì 112. Ẹni tí ó bá ń yan sọ́fítíwia láìṣírò èyí, àfi bí ẹni tí ó ń kọ́ aká láìmọ iye iṣu tí yóò ta.

Iná ni ó tún wà ńbẹ̀. Yíyọ iṣẹ́ wákàtí kan jáde lórí láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára lè gba wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí iná bá sì lọ láàárín, àtibẹ̀rẹ̀ ni. Epo jẹnẹrétọ̀ tí ó jó ní òru yẹn wà lára iye owó sọ́fítíwia, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sí ara ìwé rírà. Nítorí náà, ó sàn kí wọ́n yọ iṣẹ́ jáde ní abala abala, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀ ní ìparí. Kí wọ́n sì wo sọ́fítíwia náà dáadáa bóyá ó ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní Òkè-Ògùn, ohun yòówù kí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn kan yóò béèrè pé ta ni ó ń wá kọ̀ǹpútà nígbà tí CapCut wà lórí fóònù. Fún fídíò ìṣẹ́jú kan tí wọn yóò fi sí WhatsApp, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn. Ó yára, ó rọrùn, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọdé bí wọ́n ti ń gé àwòrán kí olùkọ́ kankan tó dá sí i. Ṣùgbọ́n ilé ẹlòmíràn ni. Ní oṣù Jánúárì 2025, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà mú ilé-iṣẹ́ ByteDance tí ó ni ín, àwọn tí ń lo CapCut ní orílẹ̀-èdè náà jí lọ́jọ́ kan, wọ́n sì rí i pé kò ṣí mọ́. Ó pé ọjọ́ mélòó kan kí ó tó padà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníbàárà kò mọ̀ pé òfin wà.

Kì í ṣe orí fóònù nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Apple mú Final Cut Pro X jáde ní 2011, kò lè ṣí iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ẹ̀dà keje ṣe sílẹ̀, àwọn àgbà oníṣẹ́ sì fi ìbínú hàn. Àwọn kan kọ̀ láti kúrò nídìí èyí tí wọ́n mọ̀: Parasite, fíìmù ilẹ̀ Kòríà tí ó jáde ní 2019 tí ó sì gba Oscar tí ó ga jù, orí Final Cut ẹ̀dà keje tí Apple ti dẹ́kun títà láti ọdún mẹ́jọ ṣáájú ni wọ́n ti gé e. Nínú ìtàn yìí, ohun méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ lè rí dìmú. Èkíní ni pé irinṣẹ́ àtijọ́ kò dí ọlọ́gbọ́n lọ́wọ́. Èkejì ni pé ó yẹ kí ó bi sọ́fítíwia tí ó fẹ́ yàn léèrè bóyá ó lè kó iṣẹ́ jáde ní irú fáìlì tí òmíràn lè kà, bíi XML tàbí EDL. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣe ilé tí ènìyàn ń sáré wọ̀.

Ọ̀ràn kan kù tí àwọn òyìnbó tí ń kọ ìwé nípa sọ́fítíwia kì í dárúkọ, tí ó sì ṣe pàtàkì fún olùkọ́ Yorùbá ju gbogbo ìyókù lọ: ǹjẹ́ sọ́fítíwia náà lè kọ Yorùbá bí ó ti yẹ? Ẹni tí ó bá kọ "ọkọ" sí abẹ́ àwòrán láìsí àmì ohùn kò tí ì sọ bóyá ọkọ ìyàwó ni, bóyá ọkọ́ tí a fi ń roko ni, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Ṣakí. Lẹ́tà tí ó ní àmì nísàlẹ̀ tí ó tún ní àmì lórí, bíi ẹ́ àti ọ̀, kò ní àyè kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú ètò lẹ́tà àgbáyé tí kọ̀ǹpútà ń lò. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n ń gbé lé ara wọn. Fọ́ńtì tí kò bá mọ̀ nípa èyí yóò ju àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Púpọ̀ nínú fọ́ńtì alárànbarà tí wọ́n ń fi sí iwájú fídíò ni ó ní àbùkù yìí. Noto Sans, DejaVu Sans àti Charis gbé àmì náà síbi tí ó yẹ, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ìdánwò rẹ̀ kò le: kí ẹni tí ń yan sọ́fítíwia kọ "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni" sí ojú àwòrán, kí ó yọ ọ́ jáde, kí ó sì wò ó lórí fóònù ẹlòmíràn. Bí ó bá ń kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán sí fáìlì ọ̀tọ̀, kí ó rí i dájú pé UTF-8 ni ó fi tọ́jú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èdè tí kò sí ní ayé ni yóò jáde. Fíìmù Túndé Kèlání ti rin gbogbo ayé nítorí pé àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rí ọ̀rọ̀ kà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń gbọ́ díẹ̀ tí kò lè kà, ni àmì ohùn yóò ràn lọ́wọ́ jù.

Ti ohùn náà kò ṣeé fojú fò. Fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó ń pọ̀ sí i, ó ń dín kù, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti rí. Bí wọ́n bá wá gba ohùn ìlù dùndún sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ mìíràn, ọwọ́ onílù àti ìró ìlù yóò bẹ̀rẹ̀ papọ̀, ṣùgbọ́n kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, wọ́n lè ti pín yà. Ẹni tí ó gbọ́ ìlù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni dùndún ń sọ. Bí ọwọ́ bá ń lù tí ẹnu ìlù sì ti dákẹ́, ẹ̀tàn ni. Kdenlive àti Shotcut máa ń kìlọ̀ bí wọ́n bá rí irú fídíò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń bèèrè bóyá kí àwọn yí i padà sí èyí tí ó dọ́gba. Ó yẹ kí ènìyàn gbà fún wọn, bí ó tilẹ̀ gba àkókò.

Fún àwọn olùkọ́ tí yóò yan èyí tí wọn yóò fi kọ́ kíláàsì, ní Ìsẹ́yìn tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga pólí tí ó wà ní Ṣakí, ọ̀rọ̀ náà tún rọrùn sí i. Kíláàsì tí ogún akẹ́kọ̀ọ́ wà, tí mẹ́ta péré nínú wọn ní láptọ́ọ̀pù tí ó lágbára, kò lè fi Resolve bẹ̀rẹ̀ láìsọ mẹ́tàdínlógún yòókù di òǹwòran. Kí wọ́n fi Shotcut tàbí Kdenlive bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ lè kó fáìlì rẹ̀ sí fíláàṣì kan ṣoṣo kí ó gbé e yí kíláàsì ká, láìná dátà, láìrú òfin, láìbéèrè káàdì báńkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ gígábáìtì 16 pẹ̀lú káàdì àwòrán lè bọ́ sórí Resolve tààrà. Premiere ni kí wọ́n fi sílẹ̀ títí oníbàárà tàbí agbanisíṣẹ́ kan yóò fi béèrè rẹ̀ ní pàtó, tí owó iṣẹ́ náà yóò sì lè san owó oṣù rẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé ohun tí kò ní owó lórí kò lè jẹ́ ti oníṣẹ́. Ní oṣù Máàṣì 2025, Flow, fíìmù àwòrán tí wọ́n fi Blender ṣe, sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ní Òfíkì lè gbà lóru òní, gba Oscar níwájú àwọn ilé-iṣẹ́ tí owó wọn kò lóǹkà.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi owó sílẹ̀, kí ó mú ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà, kí ìlù wà nínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà kan wà nínú rẹ̀, kí ó sì gé e di ìṣẹ́jú méjì nínú sọ́fítíwia méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀sẹ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó kọ orúkọ àgbàlagbà náà sí abẹ́ àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn. Kí ó sì gbé méjèèjì lọ fún àgbàlagbà náà láti wò, láìsọ fún un èyí tí ó ti inú sọ́fítíwia wo wá.